Ojú ni, kì í ṣe èèpo: èsì lórí orúkọ tí a fẹ́ sọ "topological insulator" àti "phonon"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì gbé síwájú wa. Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n ń kọ àlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí bí ojú àwọn kírísítà kan ṣe ń gbọ̀n, àti ohun tí gbígbọ̀n yẹn ń ṣe sí àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù (èérún bíńtín tó ń gbé iná) tó ń sáré lójú wọn. Irú kírísítà bẹ́ẹ̀, tí iná mànàmáná kì í gba inú rẹ̀ kọjá ṣùgbọ́n tó ń gba ojú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní "topological insulator", ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí á pè é ní "aláìgbéná onípò", torí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nídìí rẹ̀ túmọ̀ sí ibì kan tàbí ipò. "Phonon", ìyẹn ẹyọ ìmì átọ̀mù inú kírísítà, wọ́n ní "ẹyọ ìró", torí pé ohùn ni ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Ohun tó ń lọ láàárín òun àti ẹ̀lẹ́kítíróònù, wọ́n ní "ìbáṣepọ̀". Màmá wa láti Ìkọ̀lé ní rárá, "aláìgbéná eléèpo" ló yẹ, nítorí èèpo nìkan ló ń gbéná. Àbúrò wa kan sì ní kí á má da ara wa láàmú, kí á kọ "fónọ́ọ̀nù" kí á máa bá tiwa lọ.

Kí ẹ̀gbọ́n má bínú sí mi, kí Màmá náà foríjì mí, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Adó-Èkìtì. Orúkọ tí a bá sọ nǹkan ni àwọn ọmọ yìí yóò fi ronú nípa rẹ̀, tí orúkọ náà bá sì ṣì wọ́n lọ́nà, ọdún tí a máa fi tún un ṣe á pọ̀ ju èyí tí a fi sọ ọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Bi2Se3 ni mo máa mú, torí òun wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò jù lọ láti ọdún 2009. Bísímọ́ọ̀tì àti sẹlẹ́níọ́ọ̀mù ló para pọ̀ dì í. Àwọ̀ eérú ni, ó ń dán bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ìtẹ́ átọ̀mù márùn-ún ló wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan: sẹlẹ́níọ́ọ̀mù, bísímọ́ọ̀tì, sẹlẹ́níọ́ọ̀mù, bísímọ́ọ̀tì, sẹlẹ́níọ́ọ̀mù, ìnípọn ìdìpọ̀ kan kò ju nǹkan bíi nanomítà kan lọ. Àwọn márààrún di ara wọn mú gírígírí, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ di èkejì mú, débi pé téèpù lásán tí a fi ń lẹ ìwé tó láti fà á ya. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n á fi gúlúù lẹ ọ̀pá kékeré mọ́ orí rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú àpótí irin tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wá gbá ọ̀pá náà ṣubú. Kírísítà á là. Ojú tuntun tí afẹ́fẹ́ kò tíì kàn rí á yọ síta, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wọn nǹkan.

Ohun tí wọ́n sì ń rí lójú tuntun yẹn ni gbogbo ẹjọ́ tí a ń rò yìí. Inú kírísítà, tí kò bá ní àbùkù, kì í gbéná: àlàfo agbára tó tó 0.3 eV (eV ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ẹ̀lẹ́kítíróònù) wà níbẹ̀ tí ẹ̀lẹ́kítíróònù kò lè fò bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń gbéná. Ẹ tún un là, ojú tó tún yọ náà á gbéná. Kò sí bí ẹ ṣe lè là á tàbí ha á tí ẹ máa fi rí ojú kan tí kò ní í gbéná, nítorí pé ohun tó wà nínú ló sọ ọ́ di dandan fún ojú láti gbéná.

Ìdí tí mi ò fi lè gba "èèpo" nìyẹn, Màmá. Èèpo ni ohun tí à ń bó. Ẹ mú iṣu, ẹ bó èèpo rẹ̀, èèpo ti lọ nìyẹn, kò tún sí èèpo mọ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé iṣu náà sí méjì, ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá ti di ojú. Kò sì sí ẹni tó lè gé iṣu kí ó má ní ojú. Ọmọ tí a bá fi "eléèpo" kọ́ á rò pé nǹkan kan ni wọ́n fi bo òkúta náà lára, tí ẹnìkan lè fi sáńpépà ha kúrò. Òdìkejì òtítọ́ gan-an nìyẹn. "Ojú" ni èdè wa fi ń pe ibi yòówù tí nǹkan bá parí sí: ojú omi, ojú ilẹ̀, ojú pátákó, ojú ọgbẹ́. A ti ní ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀, ó sì ṣe wẹ́kú.

Ó wá kan "onípò". Ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì níbí, ẹni tó bá di nǹkan mú ní ààfin tàbí nínú ìjọba ni onípò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ ọ pé aláìgbéná yìí ga ju àwọn yòókù lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn kò sọ nǹkan kan fún àwọn tó ni ín pàápàá nípa ohun tí à ń wí. Ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní tọpọ́lọ́jì ń yẹ ohun tí kì í yí padà wò, nígbà tí a bá fa nǹkan gùn tàbí tí a tẹ̀ ẹ́, tí a kò ṣáà ya á. Iṣẹ́ lórí ìyẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel físíìsì fún Thouless, Haldane àti Kosterlitz ní 2016. Kò sí "ibì kan" nínú rẹ̀ rárá. Nínú kírísítà wa, ohun tí kì í yí padà ni ètò tí agbára àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù inú rẹ̀ gbà tò: o lè gbé e sí ooru, o lè fi àbùkù díẹ̀ sí i lára, níwọ̀n ìgbà tí àlàfo inú kò bá ti pa dé, tí kò sì sí ohun tó ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó wọ inú rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa gbéná lọ.

Kí á sì má fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òrìṣà. Orúkọ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní 2005 ni Kane àti Mele, àwọn onímọ̀ físíìsì, gbé èrò náà jáde fún nǹkan pẹlẹbẹ. Ní 2007 ni àwọn ará Würzburg ní Jámánì rí i pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ní 2007 yẹn kan náà ni Moore àti Balents ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ní "topological insulator". Àwọn tó jókòó síbi iṣẹ́ wọn ló hun ún, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe jókòó báyìí. Nígbà tí Fafunwa àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó fún wọn láyè.

Ẹ wo àwọn orúkọ tó ti wọ ẹnu àwọn èèyàn wa: asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán, amúnáwá, amúlétutù. Gbogbo wọn ló sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Mo fẹ́ kí tiwa náà gba ọ̀nà yẹn. Ó ń fi ojú gbé iná: afojúgbéná.

Àwọn tó ń ṣe wáyà ládùúgbò mi kì í jà lórí "gbéná". Wáyà tó dára, wọ́n á ní ó ń gbéná. Rọ́bà tó wà lára rẹ̀, wọ́n á ní kò gbéná. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan wáyà tó ti bó, iná gbé e. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, ọmọ tó wá láti Ìlawẹ̀ àti ọmọ tó wá láti Òmùò ló mọ̀ ọ́n.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa béèrè: tí mo bá fi ọ̀dà tó ní fàdákà kun ojú gíláàsì, ṣé kò ti ń fojú gbéná nìyẹn? Ìbéèrè tó dára ni, òun ló sì jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kejì kún un: afojúgbéná àdámọ́. Gíláàsì tí a kùn, àfikún ni tirẹ̀. Tí ọ̀dà bá ṣí, ó parí. Ti kírísítà wa, a dá a mọ́ ọn ni, bí a ṣe ń sọ ìwà àdámọ́. Ọ̀rọ̀ "àdámọ́" yẹn ló gbé ohun tí tọpọ́lọ́jì ń ṣe nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wá fún wa, kò sì ní kí ọmọ kọ́kọ́ lọ kọ́ ìṣirò kó tó lóye rẹ̀. Tọpọ́lọ́jì fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìṣirò, kí á yá a bẹ́ẹ̀. Átọ̀mù àti ẹ̀lẹ́kítíróònù náà, a ti yá wọn, wọ́n ti di tiwa.

Ẹnìkan á tún sọ pé tí a kò bá fi àmì sí i, "agbéná" á dà bí "agbẹ́nà". Òótọ́ ni, pàápàá ní ilẹ̀ tó bí Ọlọ́wẹ̀ Ìṣẹ̀, agbẹ́nà tí ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924 tí kò padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n èsì ìyẹn ni pé kí á fi àmì sí i. A kò lè máa jà fún èdè kí á sì máa kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí "phonon", torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà jù.

Átọ̀mù inú kírísítà kì í dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀kan ń mì, ó ń mi èkejì, ìmì náà á sì máa rìn lọ bí ìgbì. Igor Tamm, ará Rọ́ṣíà, ni wọ́n sọ pé ó gbé èrò ẹyọ ìgbì yìí jáde ní 1932. Agbára ìgbì yìí kì í wá ní ìwọ̀n tó wù ú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń wá. A lè ní ẹyọ kan, a lè ní ẹgbàágbèje, a kò lè ní ààbọ̀. Nítorí náà "ẹyọ" tí ẹ̀gbọ́n fi síwájú tọ̀nà pátápátá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka nǹkan tí kò ṣeé pín ni.

"Ìró" ni mi ò gbà. Ìró ni ohun tí etí gbọ́. Mo mọ̀ pé ìgbì ohùn nínú irin àti òkúta jẹ́ ọ̀kan lára nǹkan tí à ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára rẹ̀ ni, ìyẹn àwọn tí ìgbì wọn gùn. Etí èèyàn kì í gbọ́ kọjá ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ojú Bi2Se3, ìgbọ̀n tí wọ́n wọ̀n tó tìrílíọ̀nù 1.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ. Tí mo bá kọ "ìró" sójú pátákó, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa gbà ni "kí ló ń dún?", mo sì máa fi gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dáhùn pé kò sí ohun tó ń dún.

"Fónọ́ọ̀nù" náà ní ìṣòro tirẹ̀, àbúrò. Fóònù ni àwọn ọmọ máa gbọ́. Yíyá ọ̀rọ̀ dára nígbà tí nǹkan náà bá ti wà lójú àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó mọ nǹkan náà, orúkọ àyálò tí kò sọ nǹkan kan kò ní í ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìgbọ̀nrìrì ni mo fẹ́. Ẹyọ ìgbọ̀nrìrì. Èdè wa ní àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ya bí nǹkan ṣe ń mì: ilẹ̀ mì tìtì, igi mì jìgìjìgì, ara gbọ̀n rìrì. Tìtì tóbi, ó wúwo. Jìgìjìgì ń lọ ń bọ̀ gidi. Rìrì kéré, ó yára, ó sì wà nínú nǹkan náà káàkiri láìjẹ́ pé nǹkan náà kúrò níbi tó wà. Ìtumọ̀ tí à ń wá gan-an ni. Átọ̀mù kò kúrò ní ìjókòó rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbọ̀n.

Ẹnìkan lè sọ ọ́ pé òtútù ló ń mú èèyàn gbọ̀n rìrì, nígbà tó jẹ́ pé ooru ló ń mú kírísítà gbọ̀n sí i. Ohun tó sọ nípa kírísítà tọ̀nà: bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹyọ ìgbọ̀nrìrì ń pọ̀ sí i, bí ó bá sì tutù nini, wọ́n á dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n gbọ̀n kì í ṣe ti òtútù nìkan nínú èdè wa. Ọwọ́ arúgbó ń gbọ̀n nínú ooru ọ̀sán. Ẹni tí ibà dá gbálẹ̀, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó sì ń gbọ̀n rìrì. Ọ̀rọ̀ náà gba méjèèjì.

Tí ẹnìkan bá ní kí á kọ ọ́ ní "ùgbọ̀nrìrì" nítorí pé ulé àti ùlú là ń pè ní Èkìtì, mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀, èmi náà á pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Nínú ìwé tí ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Ìjẹ̀bú yóò kà, kí á fi ì- sí i.

Kí á sì rántí pé ìgbọ̀nrìrì ojú nìkan ni ẹ̀gbọ́n ń kọ̀wé lé lórí. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí kúárì níbí mọ ohun tí ìmì ojú jẹ́: tí wọ́n bá fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, gíláàsì fèrèsé á kọ́kọ́ gbọ̀n, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa kan ara wọn, ó sì jìnnà síbi tí àpáta wà. Apá kan nínú ìmì yẹn, ojú ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Bí a bá ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ ló ń dín kù. Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ní 1885. Ojú kírísítà náà ní ìgbọ̀nrìrì tirẹ̀, nítorí átọ̀mù tó wà lójú kò ní aládùúgbò lókè, ohun tó dì í mú yàtọ̀ sí ohun tó di ti inú mú. "Ìgbọ̀nrìrì ojú" ni kí á pe ìyẹn, "ìgbọ̀nrìrì inú" ni èkejì, kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku "ìbáṣepọ̀". Ọ̀rọ̀ dáadáa ni láàárín ìlú àti ìlú, ilé iṣẹ́ àti ilé iṣẹ́. Ó ní ìfẹ́ inú nínú, àwọn méjì jókòó wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀lẹ́kítíróònù àti ìgbọ̀nrìrì kò jókòó. "Ìkọlù" tí ẹnìkan mú wá náà kò tó, torí ó fi ẹ̀bi sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan: ẹnìkan ló kọlu ẹnìkejì. Ẹ wo ohun tí àwọn olùwádìí rí ní Boston ní Amẹ́ríkà ní 2011. Wọ́n da átọ̀mù hílíọ́ọ̀mù sí ojú Bi2Se3, irú èyí tí agbára rẹ̀ kéré débi pé kò lè wọ inú, ojú nìkan ló ń kàn tó fi ń ta padà. Láti ara bó ṣe ta padà ni wọ́n fi mọ bí ojú ṣe ń gbọ̀n. Wọ́n rí i pé ní ibì kan, ní ibi tí ìgbì ìgbọ̀nrìrì bá ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìgbì àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù ojú mu, iye ìgbà tí ojú ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan rọlẹ̀ bí lẹ́tà V lórí àwòrán ìwọ̀n wọn. Àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù ló fà á wálẹ̀. Nítorí náà, ìgbọ̀nrìrì ń ya ẹ̀lẹ́kítíróònù kúrò lọ́nà, ẹ̀lẹ́kítíróònù náà sì ń sọ ìgbọ̀nrìrì di ẹ̀rọ̀. Méjèèjì ló ń ṣe sí ara wọn, "ara" yẹn ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ: ìfarakanra.

Ó tún ní àǹfààní pé a lè wọ̀n ọ́n. Àwọn onímọ̀ ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń sọ bí ìfarakanra yìí ṣe lágbára tó. Lórí Bi2Se3 kan náà, àwọn kan wọ̀n ọ́n tí kò tó 0.1, àwọn ará Boston rí 0.43 lára ìgbọ̀nrìrì tí wọ́n yẹ̀ wò. "Ìwọ̀n ìfarakanra" bọ́ sẹ́nu dáadáa. "Ìwọ̀n ìbáṣepọ̀" á dà bí ohun tí wọ́n ń bi tọkọtaya.

Iyàn tó wà lórí nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ̀lẹ́kítíróònù ojú afojúgbéná ní òòyì (tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "spin") tí a dè mọ́ ibi tó kọjú sí, nítorí náà ẹ̀gbin lásán tí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì kò lè dá a padà gbọnrangandan sí ibi tó ti ń bọ̀. Ohun tó mú kí ayé máa pariwo rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì ṣì lè yà á sí ẹ̀gbẹ́, nínú yàrá tí ooru rẹ̀ dà bí ti Adó níbí, ẹyọ rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Tí ìwọ̀n ìfarakanra bá kéré, ìrètí wà pé ẹ̀rọ tí a fi ṣe é á ṣiṣẹ́ láìsí pé a ń tì í bọ inú yìnyín; tí ó bá pọ̀, ó dìgbà.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tún wò nínú àlàyé yín. Níbi tí ẹ ti kọ̀wé nípa kírísítà tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ní "èèpo méjèèjì lẹ̀ mọ́ra". Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí kò bá tó ìdìpọ̀ mẹ́fà, ẹ̀lẹ́kítíróònù ojú òkè àti ti ojú ìsàlẹ̀ á máa kan ara wọn láti inú, àlàfo á sì ṣí lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ pé "ojú méjèèjì di ojúkojú, àlàfo sì ṣí". "Àlàfo" tí ẹ lò fún ti inú ní ìpínrọ̀ kejì ṣe déédéé pẹ̀lú ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.